Ọ̀gá Pàṣẹ Lónìí, Kẹ̀kẹ́ Oníná Wọgbó Lọ́la

Ìyá kan tó ń ta aṣọ l'Ọ́jà Gbági, n'Ìbàdàn, ló kọ̀wé sí wa. Wọ́n ní ọmọ àwọn tó wà l'Amẹ́ríkà fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sáwọn: bàbá arúgbó kan, irun orí funfun báláú, ló ń gun òkè gíga lórí kẹ̀kẹ́ ológeere nínú igbó ọba, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ìyá ní, "Ọmọ mi, ṣé oògùn ni bàbá yìí lò ni, àbí ayédèrú fọ́tò ni?"

Ìyá mi, kì í ṣoògùn o. Bátìrì ni.

Kẹ̀kẹ́ ológeere tí gbogbo wa mọ̀ náà ni, ó ní ṣéènì, ó ní pẹ́dà. Ohun tí wọ́n fi kún un ni mọ́tò kékeré kan tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ bá ti ń wa pẹ́dà, mọ́tò á máa ràn yín lọ́wọ́, bí ìgbà tí ọmọ bá ń bá ìyá rẹ̀ ti ọmọlanke gun òkè Mókólá. Òfin àwọn igbó ọba Amẹ́ríkà ní mọ́tò náà kò gbọdọ̀ ju 750 watts lọ. Ẹ̀yin télọ̀ àti alágbàfọ̀, ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ áyọ́ọ̀nù oníná tẹ́ẹ fi ń lọ aṣọ ló jẹ́ 1,000 watts. Iná tí kẹ̀kẹ́ yìí ń lò kò tó ti áyọ́ọ̀nù.

Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n pín in sí. Àkọ́kọ́, bẹ́ẹ ò bá wa pẹ́dà, kò níí dá yín lóhùn, bí eré rẹ̀ bá sì ti dé 20 máìlì ní wákàtí kan, mọ́tò á dákẹ́. Ìkejì ní ohun tẹ́ẹ máa fi ọwọ́ lọ̀ bí ọlọ́kadà ṣe ń ṣe, tó lè gbé yín lọ láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ yín ṣe nǹkan kan, òun náà kò sì gbọdọ̀ kọjá 20 máìlì. Ìkẹta dà bí àkọ́kọ́, àmọ́ eré tiẹ̀ dé 28 máìlì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ gan-an nìjà wà.

Igbó ọba tí mò ń wí yìí, kì í ṣe ọgbà tí wọ́n ti ti kìnnìún mọ́lé kí ọmọ iléèwé lè wá wò ó o. Irú Old Oyo National Park tiwa ni, ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún igi àti ẹranko, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáko tàbí ṣọdẹ níbẹ̀. Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀, ìyẹn Yellowstone, lọ́dún 1872. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jẹ́ káwọn èèyàn gun kẹ̀kẹ́ lásán láwọn ọ̀nà kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ oníná, ojú alùpùpù ni wọ́n fi ń wò ó. Níbi tí ọkọ̀ kò bá ti lè gbà, òun náà kò gbọdọ̀ débẹ̀.

Àfi bó ṣe di 29 August 2019. Lọ́jọ́ náà ni David Bernhardt, mínísítà tó ń bójú tó ilẹ̀ ìjọba nígbà Ààrẹ Trump, fọwọ́ sí ìwé àṣẹ kan, nọ́ńbà 3376, pé kẹ̀kẹ́ oníná kì í ṣe alùpùpù mọ́, ibi tí kẹ̀kẹ́ lásán bá ń gbà ni kí wọ́n jẹ́ kó máa gbà. Ilẹ̀ mọ́, ó di 30 August, iléeṣẹ́ tó ń ṣàkóso igbó ọba náà ti kọ lẹ́tà sáwọn ọ̀gá igbó káàkiri pé kí wọ́n ṣí ọ̀nà. Ọjọ́ kan ṣoṣo! Wọn ò pe aráàlú kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn, wọn ò sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó máa pa ẹranko tàbí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lára.

Ẹ̀yin ìyá mi nínú ọjà, ṣebí ẹ mọ irú ẹ̀. Ẹ dé ìsọ̀ láàárọ̀, ẹ bá ọ̀dà pupa lára ògiri, wọ́n ní kẹ́ẹ kó ẹrù yín. Ta ni wọ́n bi? Wọn ò bi Ìyálọ́jà, wọn ò bi ẹlẹ́ran, wọn ò bi aláta. Ó lè jẹ́ pé títì tí wọ́n fẹ́ là níbẹ̀ dáa o, ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kọ́kọ́ jàǹfààní ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n bi?

Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ kóòtù, ẹ jẹ́ n gbè sẹ́yìn àwọn àgbàlagbà díẹ̀. Ìdí kan tí mínísítà náà fi pàṣẹ ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà tí ara wọn kò gbé kẹ̀kẹ́ lásán mọ́. Lórí ìyẹn, mi ò lè bá a jiyàn. Orúnkún tó ti dun èèyàn láti ogún ọdún kò ní kí olúwarẹ̀ má fẹ́ rí òkè àti odò. Kẹ̀kẹ́ yìí kò rú èéfín, kò pariwo bí okada, mọ́tò rẹ̀ kì í mu pẹtiróòlù. Bí tọkọtaya àgbà méjì bá fi ọkọ̀ wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n gun èyí wọlé, èèmọ̀ wo ló dé?

Eré sísá ló ń já àwọn kan láyà. Ẹranko kì í mọ̀ pé nǹkan tí kò pariwo ń bọ̀. Lọ́dún 2016, ọkùnrin kan ń sáré bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà tóóró kan nínú igbó ìjọba tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Glacier National Park, ní Montana. Kẹ̀kẹ́ lásán ni o, kò ní bátìrì. Bó ṣe yọ ní kọ́nà báyìí, ó kọlu béárì ńlá kan. Béárì náà pa á. Ọkùnrin náà kò rí i, òun náà kò rí ọkùnrin náà, títí wọ́n fi kò lójú. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn yìí, tí wọ́n wá sọ fún un pé wọ́n fẹ́ kó mọ́tò lé kẹ̀kẹ́ nínú igbó, kò burú bó bá ní kí wọ́n ṣe sùúrù ná.

Ibi tí mo rò pé wọ́n ti gbọ́n díẹ̀ ni Acadia, lẹ́bàá òkun ní ìpínlẹ̀ Maine. Ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ kan wà níbẹ̀ tó tó 45 máìlì lápapọ̀, tó ń yí òkè àti adágún ká. John D. Rockefeller Kékeré ló là á láàárín 1913 sí 1940, fún ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà, ó sì ní òun ò fẹ́ rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: ọmọ Rockefeller olówó epo ni o, ẹni tó wà nídìí Standard Oil! Bàbá ta epo fáráyé títí owó fi kún ilé, ọmọ wá kó nínú owó epo, ó fi la ọ̀nà tí ohun tó ń mu epo kò gbọdọ̀ gbà. Ayé mà lọ́rọ̀ o.

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ oníná dé ibẹ̀, wọ́n ní oríṣi àkọ́kọ́ nìkan ló lè gba ọ̀nà Rockefeller, èyí tẹ́ẹ ní láti máa wa pẹ́dà. Wọ́n lé ìkejì àti ìkẹta padà. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sáré ju 20 máìlì lọ. Kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ yà fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ yà fún ẹṣin. Bàbá orúnkún rí ọ̀nà gbà, ẹṣin kò ta gìrì. Ohun tí mò ń wí nìyẹn.

Ó wá ku kóòtù. Nígbà tó di December 2019, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní PEER, tó ń gbèjà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú ilẹ̀ àti omi, kó àwọn ẹgbẹ́ mìíràn mọ́ra, wọ́n pe ìjọba lẹ́jọ́. Wọ́n ní òfin kan wà láti 1970 tó ní kí ìjọba kọ́kọ́ yẹ ohun tó bá fẹ́ ṣe sí ilẹ̀ wò kó tó ṣe é. Ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù tí ìjọba fi sọ àṣẹ náà di òfin pọ́ńbélé ní November 2020. Lọ́yà ìjọba ní òfin àwọn fúnra rẹ̀ kò yí nǹkan kan padà, ó ní ọ̀gá igbó kọ̀ọ̀kan ló máa pinnu, kí àyẹ̀wò dúró dìgbà náà. Ní May 2022, adájọ́ n'ílùú Washington ní ìyẹn kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ó ní ìjọba ti rú òfin 1970, kí wọ́n padà lọ ṣe àyẹ̀wò tó yẹ. Ṣùgbọ́n kò lé kẹ̀kẹ́ kankan jáde nínú igbó, ó ní kí òfin náà ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ. Ní 2023 ni wọ́n tó gbé àyẹ̀wò náà jáde, tí wọ́n ní kí aráàlú wá sọ ohun tí wọ́n rí sí i. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí kẹ̀kẹ́ ti wọlé! Ẹni tó ti wọ yàrá tán ló wá ń kan ilẹ̀kùn.

Ọ̀pọ̀ yín lọmọ yín lè ní kẹ́ẹ wá bá òun tọ́jú ọmọ tuntun lọ́hùn-ún, kó wá fẹ́ mú yín lọ wo igbó ọba. Ẹ béèrè lẹ́nu ọ̀nà irú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gbà, torí ibì kan kò dà bí ìkejì. Ní Yellowstone, kí òjò dídì tó yọ́ tán tí wọ́n á ṣí ọ̀nà fún ọkọ̀, àyè máa ń wà nígbà ìrúwé tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ló ń ní títì mìíràn níbẹ̀, toníná tàìníná. Àmọ́ ilẹ̀ tí wọ́n bá pè ní wilderness, tí òfin 1964 fi sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a, kẹ̀kẹ́ kankan kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Nínú Yosemite, bíi 95 nínú 100 ilẹ̀ ibẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ bá sì rí oríṣi kejì yá, níbi tí ọkọ̀ kì í gbà, ẹ máa wa pẹ́dà o, òfin ò fẹ́ kẹ́ẹ jókòó kí mọ́tò nìkan máa gbé yín lọ. Ẹ rí i pé bátìrì kún kẹ́ẹ tó kúrò nílé, torí kẹ̀kẹ́ yìí wúwo ju èyí tẹ́ẹ mọ̀ lọ. Bó bá kú sí ìdajì òkè, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín tì í.