Eré Àsápajúdé Lórí Ọ̀nà Oníkòtò

Kò sẹ́ni tó ń ra ọkọ̀ eré tuntun nítorí àtidé ibi tó ń lọ. Kọ̀rólà tó ti lo ogún ọdún láyé yóò gbé èèyàn dé ibi tí Ferrari yóò gbé e dé, yóò sì tún ráyè kó iṣu sẹ́yìn. Adùn rẹ̀ ni olówó ń san owó lé lórí: kí ẹ̀yìn lẹ̀ mọ́ àga bí ẹsẹ̀ bá ti tẹná, kí ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, kí gbogbo ọjà sì yíjú wò ó.

Ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í ṣe ẹ̀tàn. Ferrari Portofino, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2017, ní sílíńdà mẹ́jọ, tọ́bò méjì àti agbára ẹṣin 600. Láti orí ìdúró, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àti ààbọ̀ ló fi ń bọ́ sí eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ó sì lè sá 320. Bí wọ́n bá lé gbogbo ọkọ̀ kúrò lórí Afárá Third Mainland ní Èkó, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 11.8, ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀ ni yóò fi tán an.

Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú kì í fi eré ojú títì gbọọrọ mọ awakọ̀. Kọ́nà ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: ibi tó ti tẹ bíréèkì, ibi tó ti já jíà wálẹ̀, bí ó ṣe yí ọwọ́ láì jẹ́ kí ẹ̀yìn ọkọ̀ fì, àti ìgbà tó tún tẹná. Òfin kan sì wà níbẹ̀ tí owó kò lè bẹ̀: bí eré bá di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ tí bíréèkì máa jẹ kí ọkọ̀ tó dúró yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí táyà ọkọ̀ eré fi fẹ̀, tí rọ́bà rẹ̀ kò ga lórí irin, tí ikùn ọkọ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀. Ọ̀nà tó dán ni wọ́n ṣe é fún. Ọ̀nà yẹn gan-an ni ìdajì ọkọ̀ náà. Ẹni tó ra ọkọ̀ eré síbi tí kò sí ọ̀nà, odidi owó ló fi ra ààbọ̀ ọjà.

Àwọn tó ń tà á mọ ohun tí wọ́n ń tà. Ní ọdún 2023, ọkọ̀ 13,663 péré ni Ferrari tà káàkiri àgbáyé. Toyota ta ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ lọ́dún kan náà. Síbẹ̀, èrè Ferrari lọ́dún yẹn lé ní bílíọ̀nù 1.2 yúrò. Bí a bá pín in sórí àwọn ọkọ̀ tó tà, yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bíi 92,000 yúrò. Ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ náà mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é kí ó má kárí àwọn tó ń fẹ́ ẹ. Ọjà tó bá wọ́n ni ojú ń wá, débi pé títò dè é pàápàá ti di ara fáàrí.

Ọmọ Nàìjíríà kò gbẹ́yìn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ṣì gbòde, Fẹ́mi Ọ̀tẹ̀dọlá, oníṣòwò ńlá ọmọ Ẹ̀pẹ́, ra Portofino mẹ́ta fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́ta. Olówó ló ni owó rẹ̀, òun náà ló mọ bí òun ṣe fẹ́ ná an. Ọkọ̀ kan nínú irú rẹ̀ lé ní 200,000 dọ́là nígbà náà. Bíi 380 náírà ni dọ́là kan lọ́dọ̀ ìjọba, nítorí náà 200,000 dọ́là jẹ́ mílíọ̀nù 76 náírà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Báǹkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀. Kí ọdún 2024 tó parí, dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà. 200,000 dọ́là kan náà wá di mílíọ̀nù 300. Ẹṣin kan ṣoṣo kò kún 600 tó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà o.

Ìgbà kan wà tí ọkọ̀ tuntun kì í ṣe àlá fún olùkọ́. Lẹ́yìn ọdún 1975, owó epo rọ̀bì ń ya wọlé, Peugeot ń to 504 ní Kàdúná, Volkswagen ń to Ìjàpá ní Èkó, náírà kan sì ju dọ́là kan lọ. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé ní 1986, náírà já bọ́, tòkunbọ̀ sì gba ìgboro. Michelin ti ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop dáwọ́ tirẹ̀ dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Orílẹ̀-èdè tó ń gbin igi rọ́bà wá di ẹni tó ń fi dọ́là ra táyà.

Àbújá ni ọ̀rọ̀ ti wá di àwàdà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, lẹ́yìn tí yíyọ owó ìrànwọ́ ti gbé lítà epo bẹntiróòlù láti abẹ́ 200 náírà kọjá 600, ìròyìn jáde pé àwọn aṣòfin fẹ́ gba Land Cruiser tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó mílíọ̀nù 160 náírà. Sẹ́nétọ̀ Sunday Karimi, aṣojú Ìwọ̀-Oòrùn Kogí, gbèjà ọjà náà: ọ̀nà Nàìjíríà ti bàjẹ́, jíìpù ló lè fara dà á. Ẹ kú làákàyè! Àwọn tó ń fọwọ́ sí owó ọ̀nà wo ọ̀nà, wọ́n rí i pé kò dára, wọ́n sì wá ohun tí yóò gbé àwọn nìkan kọjá lórí rẹ̀. Ọ̀nà tó ti Ìlọrin gba Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán ló ń gba Ẹ̀gbẹ̀ wọ ẹkùn ìdìbò rẹ̀, tó ń lọ sí Kàbà. Kòtò tí àwọn ará Rore, ìlú kan nítòsí Òmù-Àrán, ń yà fún, aládùúgbò aṣòfin ni.

Owó oṣù tó kéré jù lọ, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024, jẹ́ 70,000 náírà. Òṣìṣẹ́ tó bá ń gbà á yóò fi ọdún 190 kó owó jíìpù kan jọ, bí kò bá jẹun, tí kò sì wọṣọ. Aṣòfin 469 ló wà nílé méjèèjì. Bí gbogbo wọn bá gba tiwọn, ó lé ní bílíọ̀nù 75. Bí ọ̀nà bá sì dára lọ́la, kí ni wọn yóò fi bèèrè jíìpù mìíràn? Kòtò ti di ọ̀rẹ́ aṣòfin, kò sì sẹ́ni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ pa ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Kí ọmọ Rore kan tó rí ṣe wá gbé ọkọ̀ eré wálé ọdún. Láti Àjàṣẹ́ ni yóò ti máa rìn bí ẹni tó ru ẹyin. Bí ó bá kan búmpù tí àwọn ará ìlú fúnra wọn mọ, yóò dá ọkọ̀ ní ìbú, táyà kan á gùn ún tán kí èkejì tó tẹ̀ lé e, irin abẹ́ rẹ̀ á sì máa ha ilẹ̀ wìrìwìrì. Ọlọ́kadà tó gbé àpò gàrí sẹ́yìn á yà á sílẹ̀, á tún fọn fèrè fún un. Bí táyà bá bẹ́, fọ́kanáísà Òmù-Àrán á yẹ̀ ẹ́ wò, á ju irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀: kò sí irú rẹ̀ nítòsí, àfi kí wọ́n ránṣẹ́ sí Èkó.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò fara sin. Kí ìjọba bu owó orí gidi lé ọkọ̀ fáàrí, ti olówó àti ti ìjọba pọ̀. Kí owó náà ní àpò tirẹ̀. Kí wọ́n sì máa kéde kìlómítà tó bá tún ṣe. Ẹnì kan ti fi ọ̀nà mìíràn hàn rí. Nígbà tí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń pa akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀, Wọlé Ṣóyínká tó ń kọ́ni níbẹ̀ kò ní kí wọ́n ra jíìpù fún òun. Ó wá ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ, wọ́n sì dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní 1977. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1988, òun ni wọ́n fi ṣe alága. Òfin ẹ̀ṣọ́ náà ni pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju 100 lọ lórí òpópónà márosẹ̀, 50 nínú ìlú. Portofino á ti ná gbogbo eré tí òfin fún un tán ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àti ààbọ̀. 220 tó kù, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Ọdún 2027, ọdún ìbò, kò jìnnà. Ẹni tó bá gbé jíìpù wọ Rore wá tọrọ ìbò, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè kan péré: kìlómítà ọ̀nà mélòó ló ti ṣe, níbo, àti ní èló? Bí kò bá rí èsì fọ̀, kí wọ́n ní kó gba ọ̀nà tó gbà wá padà lọ.