Kí Panápaná Tó Dé

Ní ìpàdé tó kọjá, a dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ ná nínú owó ẹ̀kọ́ láti fi kọ́ àwọn tó bá yọ̀ǹda ara wọn ní àdúgbò bí a ti ń gba ẹ̀mí là nígbà ìjàm̀bá. Àwọn kan ní, "Ṣé iṣẹ́ kọ́párétíìfù nìyẹn? Ìjọba ńkọ́?" A ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n a fẹ́ dá wọn lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká rántí. Ọjọ́ Àìkú, 31 August 1980, ni odò Ògùnpa kún àkúnya, tó gbé èèyàn, ilé àti mọ́tò lọ. Ní 26 August 2011, omíyalé tún pa èèyàn tó lé ní 100 n'Ibadan, ó sì wó afárá. Bí afárá bá ti wó, ta ni yóò ti òdìkejì kọjá wá gbà wá? Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa náà ni.

Iná ńkọ́? Ẹni tó bá mọ Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnká mọ̀ pé agbo ilé wa fún mọ́ra, páànù ń kan páànù. Mọ́tò panápaná lè dé títì abẹ́ Mápó, kó má rọ́nà wọ inú lọ. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ kan, sítóòfù gbiná nílé ọmọ ẹgbẹ́ wa kan. Ọmọkùnrin kan sáré da omi lu kẹrosíìnì tó ń jó, ni iná bá fò mọ́ àjà. Ọmọ náà kì í ṣe ojo, wọn ò kọ́ ọ ni. Iyanrìn ni ì bá dà sí i. Wọ́n tún fi epo pupa pa arábìnrin náà níbi tí iná ti jó o, bẹ́ẹ̀ omi tútù tó mọ́ ló yẹ kí wọ́n máa dà sí i fún 20 ìṣẹ́jú.

Arábìnrin yìí ti yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ọjà tó kó sí yàrá jóná ráúráú. Ta ló san gbèsè? Àwọn onídùúró rẹ̀ ni. Ṣé ẹ wá rí i pé iṣẹ́ kọ́párétíìfù ni?

Àbá wa rèé: kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan àti ìlà ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan mú ẹni méjì wá, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Kó má jẹ́ ẹni tó ń lọ Èkó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ o, ẹni tí a máa ń bá nílé tàbí nísọ̀ lọ́sàn-án ni ká mú. Kí a bẹ Red Cross àti panápaná kí wọ́n wá kọ́ wọn. Kí wọ́n mọ arúgbó tó ń dá gbé, ibi tí a ti ń pa iná mànàmáná, àti ẹni tí yóò dúró ní títì júwe ọ̀nà. Kí wọ́n mọ nọ́ḿbà 615 tí ìjọba Ọ̀yọ́ là sílẹ̀ fún pàjáwìrì. Kí wọ́n sì mọ ìgbà tí kò yẹ kí wọ́n wọlé, torí òkú méjì ò sàn ju ọ̀kan lọ.

A ò ní kí ìjọba káwọ́ lẹ́rán o. Panápaná ni yóò parí iṣẹ́, ṣùgbọ́n aládùúgbò ni yóò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ wá dìbò ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹ sì mú orúkọ ẹni méjèèjì dání.