Ojú Ogun Kì Í Ṣe Ìsọ̀ Ọjà

Nídìí ọpọ́n ayò, ọ̀rọ̀ ikú kì í ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Ọ̀ta a máa pariwo pé òun ti pa òpè. Òpè náà a rẹ́rìn-ín, a ṣa ọmọ ayò jọ, a sì ní kí wọ́n tún un ta. Kò sí ẹni tí yóò sáré ránṣẹ́ sí ìyàwó òpè pé ó ti di opó. Gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni ó mọ̀ pé 'pa' tí a ń wí nídìí ayò kì í ṣe 'pa' tí a ń wí ní ojú ogun. Ààlà tí ó wà láàárín méjèèjì kò hàn sí ojú, ṣùgbọ́n òun ni ó jẹ́ kí eré máa jẹ́ eré.

Ààlà yìí ni mo fẹ́ gbèjà nínú àròkọ yìí, nítorí pé àwọn tí ń ta géèmù ogun ti ń wó o lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀. N kò bá géèmù fúnra rẹ̀ jà. Láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé ni ọmọdé ti ń fi igi ṣe ìbọn, tí wọ́n ń sá pamọ́ sẹ́yìn ilé, tí wọ́n ń 'pa' ara wọn títí ìyá yóò fi pè wọ́n wá jẹun. Ohun tí mo ń bá jà ni kí a kó ẹni tí ń fi géèmù ṣeré lọ sí ibi tí ogun gidi ti ń jà, tàbí kí a gbé ìpayà ogun gidi wá bá a nílé, nítorí kí ọjà lè tà.

Ẹ̀yin òǹkàwé lè máa wí pé ta ni yóò dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Ẹ jẹ́ kí a wo bí àlàbọrùn yìí ti ń gùn sí i. Ní oṣù kẹta ọdún 2003 ni Amẹ́ríkà àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ gbé ogun wọ ilẹ̀ Iraq. Orúkọ kan wà tí ó gba ẹnu gbogbo ayé nígbà náà, 'Shock and Awe', èyí tí í ṣe orúkọ ọgbọ́n ogun tí wọ́n fi rọ òjò bọ́ǹbù lé ìlú Baghdad lórí. Ní ọjọ́ kejì tí ogun bẹ̀rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Sony ti kọ̀wé sí ìjọba Amẹ́ríkà pé kí wọ́n jẹ́ kí orúkọ náà di ti àwọn, kí àwọn lè máa fi pe géèmù. Òkú kò tíì tutù tí wọ́n ti ń du orúkọ ohun tí ó pa á. Ariwo ta, wọ́n fa ọwọ́ ìwé náà sẹ́yìn, wọ́n sì tọrọ àforíjì.

Ní ọdún 2010, àwọn tí ń polówó géèmù Ubisoft kan ní ìlú Auckland, ní New Zealand, rán òṣèré kan tí ó fi báńdéèjì wé ọwọ́ jáde, kí ó máa na ìbọn ayédèrú sí àwọn tí ó jókòó ní ilé ọtí. Àwọn tí ó jókòó kò mọ̀ pé eré ni. Àwọn ọlọ́pàá tí ó gbé ìbọn tòótọ́ wá síbẹ̀ náà kò mọ̀. Ní ọdún 2012, ilé-iṣẹ́ Electronic Arts, tí ó ń polówó géèmù Medal of Honor: Warfighter, la ọ̀nà sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọ̀dọ̀ wọn tààrà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ohun èlò ìbọn àti àáké ogun tòótọ́, títí ayé fi ké mọ́ wọn kí wọ́n tó dí i. Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2015, àwọn tí ń polówó Call of Duty wọ aṣọ oníròyìn lórí Twitter, wọ́n yí orúkọ wọn padà, wọ́n sì ń kéde pé ìbúgbàù ti ṣẹlẹ̀ ní Singapore, pé wọ́n ti fi òfin ológun de ìlú. Ó di ìgbà tí irọ́ náà ti lọ jìnnà kí wọ́n tó jẹ́wọ́ pé ọjà ni àwọn ń polówó. Ìlú gidi ni Singapore. Àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ní ìyá, wọ́n sì ní ọmọ.

Ẹ ṣàkíyèsí bí ó ti ń lọ. Wọn a rú ààlà, ariwo a ta, wọn a tọrọ àforíjì tàbí kí wọ́n dákẹ́, ariwo náà a sì bá wọn ta ọjà. Àforíjì ti di ara owó ìpolówó. Ìgbésẹ̀ tí ó kù kò ju kí wọ́n wí pé: ẹ jẹ́ kí a kó àwọn ọ̀ta géèmù wa lọ sí ojú ogun, kí a sì yà wọ́n ní fọ́tò níbẹ̀.

Àwọn kan tilẹ̀ ti gbé ìgbésẹ̀ náà, àní ní ọ̀nà tí ó burú ju ti fọ́tò lọ. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 2002, tí í ṣe ọjọ́ àjọ̀dún òmìnira Amẹ́ríkà, àwọn ológun orí ilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà gbé géèmù kan jáde tí wọ́n pè ní America's Army. Ọ̀fẹ́ ni, ọmọ ọdún 13 lè fi ṣeré. Wọn kò fi ìdí tí wọ́n fi ṣe é pamọ́: wọ́n fẹ́ kí ọkàn àwọn ọ̀dọ́ fà sí iṣẹ́ ológun. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì ni ó ń jà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ yòówù tí ènìyàn ìbáà wà, ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni yóò máa rí ara rẹ̀ sí, ẹni tí ó kọjú sí i ni yóò sì máa jẹ́ ọ̀tá. Nítorí kí ọmọdé lè ṣe é, ẹ̀jẹ̀ kò tó nǹkan níbẹ̀. Ẹni tí ìbọn bá bà a ṣubú. Kò sí ẹsẹ̀ tí ó gé, kò sí ìfun lóde. Ní ọdún 2008, wọ́n tún ṣí gbọ̀ngàn kan sínú ilé ìtajà ńlá ní ìlú Philadelphia, tí ó jẹ wọ́n ní owó tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là. Níbẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń gun àwòṣe ọkọ̀ ogun àti hẹlikópítà, tí wọ́n ń yìnbọn lu àwòrán, tí àwọn tí ń gba ènìyàn sí iṣẹ́ ológun sì wà nítòsí wọn. Wọ́n ti gbọ̀ngàn náà ní ọdún 2010. Géèmù náà sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọdún 2022.

Ogun Iraq àti ogun Afghanistan ń jà nígbà tí ìpolówó yìí ń lọ. N kò sọ pé géèmù nìkan ni ó kó ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀. Ebi, gbèsè, ìfẹ́ ilẹ̀ baba ẹni àti owó ilé-ìwé náà ń kó ènìyàn wọ iṣẹ́ ogun. Ṣùgbọ́n ọjà tí ó wà lẹ́yìn géèmù náà kì í ṣe ike tàbí páálí. Ìbọn tòótọ́ ni, àti ìrìn àjò sí ibi tí ẹni tí a bá pa kì í ti í ṣa ọmọ ayò jọ mọ́.

Ọkùnrin kan dá wọn lóhùn. Láti ọdún 2006, Joseph DeLappe, tí ó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì, a máa wọ inú géèmù náà, kò ní í bá ẹnikẹ́ni jà, a sì máa tẹ orúkọ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ó kú ní Iraq lọ́kọ̀ọ̀kan, níbi tí gbogbo àwọn tí ń ṣeré yóò ti rí i. Wọn a yìnbọn pa á, wọn a bú u, wọn a lé e jáde. Òun a tún padà wọlé. Kí ó tó ṣíwọ́ ní ọdún 2011, orúkọ tí ó tẹ̀ ti ju 4,000 lọ. Òun fúnra rẹ̀ kú nínú géèmù náà léraléra, ó sì ń jí. Àwọn tí ó ń tẹ orúkọ wọn kò jí.

Àwọn baba wa ní ìjà kò dọlà, orúkọ ni í sọ ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ayé ti yí padà, kí ó wo ọdún 2010. Ní ọdún náà ni ìpolówó Call of Duty: Black Ops fi àwọn ará ìlú lásán hàn nínú aṣọ iṣẹ́ wọn, pẹ̀lú Kobe Bryant, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, tí gbogbo wọn ń yìnbọn tẹ̀ríntẹ̀rín, tí a sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé jagunjagun kan wà nínú gbogbo wa. Ní ọjọ́ kìíní tí géèmù náà dé ọjà, owó tí ó pa ní Àríwá Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 360 dọ́là. Nínú gbogbo ọdún tí ogun Afghanistan fi jà, ọdún 2010 yìí náà ni ọmọ ogun Amẹ́ríkà kú jù lọ níbẹ̀. Ìjà ti wá dọlà, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún àwọn tí ń jà.

Ẹnìkan lè wí pé: 'Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé kò dára kí a mú ẹni tí ń fi géèmù ṣeré lọ rí ogun gidi, kí ojú rẹ̀ lè là?' Ìbéèrè yìí wúwo, nítorí pé ẹnìkan ti ṣe é. Ní ọdún 2014, ìròyìn kàn nípa Carl-Magnus Helgegren, akọ̀ròyìn ọmọ ilẹ̀ Sweden, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kékeré méjì ní kí ó ra Call of Duty fún àwọn. Ó ní òun yóò rà á, bí wọ́n bá lè kọ́kọ́ bá òun lọ sí ibi tí ogun ti fọwọ́ kàn. Ó mú wọn lọ sí Ísírẹ́lì àti Palẹ́sítínì, wọ́n sì bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ ní àgọ́ ogúnléńdé Shuafat ní Jerúsálẹ́mù. Nígbà tí wọ́n padà délé, àwọn ọmọ náà ní àwọn kò fẹ́ irú géèmù bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn bá baba náà wí, a sì lè jiyàn lórí ohun tí ó ṣe títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n kò ní ọjà kan tí ó ń tà lẹ́yìn ìrìn àjò náà. Nígbà tí àwọn ọmọ ní àwọn kò ṣe mọ́, baba jèrè. Ilé-iṣẹ́ wo ni yóò náwó kó ènìyàn lọ sí ojú ogun kí wọ́n lè padà wá wí pé àwọn kò ra géèmù mọ́? Bí ilé-iṣẹ́ bá mú àlejò lọ, ibi tí yóò mú ọjà yá ni yóò fi hàn án: ọkọ̀ ogun tí ó jóná, àṣálẹ́, èéfín lókèèrè, ṣọ́jà tí ó yọ́ ẹ̀rín. Kò ní í mú un lọ sí ilé ìwòsàn lóru. Ẹni tí òtítọ́ yóò ba ọjà rẹ̀ jẹ́ kò lè jẹ́ amọ̀nà wa lọ sí ibi tí òtítọ́ wà.

Àwọn mìíràn a ní àgbàlagbà ni ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, ó sì ti fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà. Òun gbà ni. Àwọn onílé ńkọ́? Ta ni ó bi obìnrin tí ilé rẹ̀ wó bóyá ó fẹ́ kí àwókù ilé náà di àwòrán ẹ̀yìn fún ìpolówó? Àlejò ní tíkẹ́ẹ̀tì àtipadà nínú àpò. Bí ẹ̀rù bá bà á, wọn yóò gbé e lọ. Obìnrin náà yóò wà níbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́. Ìwà ìtìjú ni kí a fi ìyà ẹni tí kò lè sá lọ dá ẹni tí ó wá fẹsẹ̀ rìn lára yá.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé àwa Yorùbá. Ogun tí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ jà láti ọdún 1877 títí di ọdún 1893, Kírìjì ni a ń pè é, nítorí bí ìbọn ti ń dún létí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀. Etí tí ó gbọ́ ìró náà ni ó fún ogun ní orúkọ. Lónìí, àwọn oníṣẹ́ géèmù a máa gbé ẹ̀rọ lọ gba ohùn ìbọn sílẹ̀, wọn a sì máa fi yangàn pé kò yàtọ̀ sí tòótọ́. Òótọ́ ni pé ohùn náà kò yàtọ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ẹni tí ń gbọ́ ọ mọ̀ pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń yìn ín sí.

A kò tilẹ̀ nílò láti kó ẹnikẹ́ni lọ síbikíbi kí géèmù tó lè sọ òtítọ́. Ní ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ 11 bit studios ti ilẹ̀ Póláńdì gbé This War of Mine jáde, èyí tí wọ́n fi ìsémọ́ ìlú Sarajevo ní ọdún 1992 sí 1996 ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀. Ẹni tí ń ṣe é kì í ṣe ṣọ́jà. Ará ìlú ni, tí ń wá oúnjẹ, oògùn àti igi ìdáná, tí ó sì ń ronú bóyá kí òun jí ti arúgbó tí ó wà ládùúgbò. Ní ọdún 2020, ìjọba Póláńdì fi í sí ara iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà lè lò ní ilé-ìwé. Ní ọdún 2017, géèmù Arma 3 gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa àgbáyé láti fi òfin ogun kọ́ àwọn tí ń fi í ṣeré. Wọ́n ta àwọn géèmù wọ̀nyí, wọ́n sì jèrè. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kò sí ọ̀nà mìíràn láti polówó géèmù ogun ju kí a lọ tẹ́ àtẹ sí ibi tí ènìyàn ti ń kú, irọ́ ni ó ń pa.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí oníṣòwò má ṣe fi orúkọ ìlú tí àwọn ènìyàn ń gbé ṣe ìròyìn ẹ̀tàn. Kí ìjọba má ṣe fi ohun ìṣeré ọmọdé wá ọmọ ogun. Kí ojú ogun wà fún àwọn tí ó ní iṣẹ́ níbẹ̀: dókítà, oníròyìn, ẹni tí ń pín oúnjẹ, ẹni tí ń wá òkú ará rẹ̀. Àwa tí a ń rajà náà ní agbára kan lọ́wọ́. Ìgbà mìíràn tí wọ́n bá rú ààlà, tí wọ́n sì tọrọ àforíjì, kí a gba àforíjì náà, kí a má sì ra ọjà náà. Èdè kan ṣoṣo tí ìsọ̀ ọjà ń gbọ́ ni owó tí kò wọlé.