Ooru Nìkan Kì Í Wo Jẹjẹrẹ Ọrùn

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí lílo ooru fún jẹjẹrẹ orí àti ọrùn. Ibi tí òǹkọ̀wé ti ní kí èèyàn máa fi aṣọ gbígbóná jó ọrùn nílé bà mí nínú jẹ́ gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má dán an wò.

Nínú ọ̀nà kan tí àwọn dókítà ń gbà lo ooru, kì í ṣe orí awọ ni wọ́n ń fi í sí. Wọ́n á kun aláìsàn lóorun, wọ́n á wá ki àwọn rọ́bà tín-ín-rín gba inú kókó jẹjẹrẹ náà kọjá. Inú rọ́bà yìí ni Iridium-192 ń gbà wọlé, tí ìtànṣán rẹ̀ ń jó jẹjẹrẹ láti inú. Ibẹ̀ náà ni ohun tó ń mú ooru wá ń gbà. Ooru yìí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ráyè tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn tí ìtànṣán bá ti bà á jẹ́. Olùrànlọ́wọ́ ni.

Òǹkọ̀wé yín tún ní ìwòsàn yìí dájú ṣáká. Rárá o! Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1996, kò rí ìyàtọ̀ gidi láàárín àwọn tó gba ooru àti ìtànṣán inú pa pọ̀ àti àwọn tó gba ìtànṣán inú nìkan. Nínú ìwádìí yẹn, ooru kò dé inú kókó bó ṣe yẹ. Síbẹ̀, ní Erlangen, ní Jámánì, wọ́n ti lo méjèèjì pa pọ̀ fún àwọn tí jẹjẹrẹ wọn tún padà wá.

Ẹni tí kókó bá yọ lọ́rùn rẹ̀, tí kò lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó tètè lọ rí dókítà.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín