Kéwú àti Ìwé Lábẹ́ Òrùlé Kan

Ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá, àwọn Mùsùlùmí àdúgbò a máa kó owó jọ láti dá ilé-ẹ̀kọ́ tuntun sílẹ̀, níbi tí ọmọ yóò ti kọ́ kéwú àti ìwé pọ̀. Inú wa dùn sí èrò yìí, a sì kí àwọn tí ó ń gbé e kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ó yẹ kí a jọ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò kí a tó fi búlọ́ọ̀kù lé búlọ́ọ̀kù.

Èrò náà kì í ṣe tuntun. Ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ òbí Mùsùlùmí kọ̀ láti fi ọmọ sí ilé-ìwé míṣọ́nnárì, nítorí wọ́n bẹ̀rù pé ọmọ tí ó bá wọlé ní Sùlé yóò jáde ní Sólómọ́nì. Nítorí èyí ni ìjọba Èkó fi ṣí ilé-ẹ̀kọ́ Mùsùlùmí ní 1896, Ọ̀mọ̀wé Edward Blyden sì wà lára àwọn alágbàwí rẹ̀. Ní 1923, a dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ náà sì tàn ká ilẹ̀ Yorùbá.

Ohun ńlá méjì ṣẹlẹ̀ ní 1955. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní, ìjọba Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ní ọdún kan náà, Sheikh Adam Abdullah Al-Ilory kó Markaz, tí ó dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, wá sí Agége, ó sì ń kọ́ni ní kéwú ní kíláàsì-kíláàsì, pẹ̀lú ìdánwò àti ìwé-ẹ̀rí. Odò ńlá ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣàn. Ọmọ wa ń lọ sí ilé-ìwé ní òwúrọ̀, ó ń sáré lọ sí ilé-kéwú ní ìrọ̀lẹ́; tíṣà kò mọ àfáà, àfáà kò mọ tíṣà.

Àwọn kan lè wí pé ẹ̀kọ́ ìsìn tí a ń kọ́ ní ilé-ìwé ìjọba ti tó. Kò tó. Ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kò lè sọ ọmọ di ẹni tí ó mọ Kùránì í kà.

Ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù ni pé kí ilé-ẹ̀kọ́ tuntun kó odò méjèèjì sínú ọgbà kan láìjẹ́ pé wọ́n pàdé. Owó oṣù ni a ó fi mọ̀. Bí a bá ń san owó gidi fún tíṣà ìṣirò, tí a sì ń wí fún àfáà pé èrè rẹ̀ wà ní àlùjánnà, kí ó máa fi owó Àlàrùba àti sàráà gbọ́ bùkátà, ọmọ yóò rí i. Láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, yóò mọ ìmọ̀ tí àwọn àgbà kà sí àti èyí tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí bí ó bá jẹ́ tíṣà ìwé ni a fi ṣe ẹrù àjókù.

Kí a má sì gbàgbé àwọn ọdún 1970, nígbà tí ìjọba gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Kí ìwé ilẹ̀ wà ní orúkọ gbogbo àdúgbò, kì í ṣe ti ọlọ́lá kan. Bí ọmọ Kírísítẹ́nì bá sì wọlé, abala 38 òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kò fi àyè sílẹ̀ láti fi ipá kọ́ ọ ní ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ gba ọrẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó fi àsíá ẹgbẹ́ bo ìpìlẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ pe àfáà ní ẹlẹgbẹ́ yín. Kí ìgbìmọ̀ tó fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀, kí wọ́n dúró ní gbangba lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí wọ́n ka iye owó oṣù tíṣà àti ti àfáà sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Bí iye méjèèjì bá dọ́gba, kí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.