Ọ̀pọ̀lọ́ Kì í Sáré Ọ̀sán Lásán

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Àpérò àgbáyé kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ejò, alángbá, ìjàpá, ọ̀nì àti ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Canterbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1989. Ìkẹwàá wáyé ní Kuching, ní Malaysia, ní 2024. Nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ẹyọ kan péré ló dé ilẹ̀ Áfíríkà: Stellenbosch, ní South Africa, ní 2005.

Bí mo bá ní ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá wà níbẹ̀, ẹ ó ní, "Kí ló kan Yorùbá kan ọ̀pọ̀lọ́?" Ó kàn án gan-an ni!

Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà ní òkè Ìdànrè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí wọn ò tíì rí níbòmíràn láyé. Arne Schiøtz, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ló kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀ ní 1963, ó sì fi orúkọ Perret, ọmọ Switzerland, pè é. Lẹ́yìn náà, ó lé ní ogójì ọdún tí àwọn onímọ̀ ò fi gbúròó rẹ̀; 2014 ni ìròyìn jáde pé wọ́n tún ti rí i. Kí ni àwọn ará Ìdànrè ń pè é? Iṣẹ́ tiwa ni láti béèrè.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni. Ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka oró ejò mọ́ àwọn àìsàn tí ayé pa tì. Bí ejò bá ṣán àgbẹ̀ kan ní Ìfọ̀, èdè Yorùbá ni yóò fi sọ irú ejò tó jẹ́. Oró ṣèbé yàtọ̀ sí ti paramọ́lẹ̀. Ejò wo gan-an wá ni paramọ́lẹ̀? Ẹ bi ara yín wò ná, ẹ ó rí i bóyá ìdáhùn yín á bára mu.

Ẹ tún wo Mowé àti Ìbafọ̀, létí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Tipa ń da yanrìn sí àbàtà, ilé ń hù. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Tipa ló ń lé e! Ní 2023, àwọn onímọ̀ kéde pé nínú oríṣi márùn-ún àwọn ọ̀pọ̀lọ́, àkèré àti ìbátan wọn, méjì ló wà nínú ewu ìparun. Bí àkèré bá tán ní Ìbafọ̀, ta ni yóò mọ ìyàtọ̀ àkèré sí kọ̀ǹkọ̀?

Ẹ ó ní owó ọkọ̀ òfuurufú ò sí, físà ò sì rọrùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èló ni wọ́n ń gbà kéèyàn tó bi ìyá àgbà léèrè orúkọ àkèré? Lọ́dọọdún, oríkì àti òwe la máa ń fi ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ. Ẹ fi orúkọ ejò àti ọ̀pọ̀lọ́ ṣe é lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ gba ohùn àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bá àwọn tó ń kọ́ nípa ẹranko ṣe é pọ̀, kí ẹ lè mọ ẹranko tí orúkọ kọ̀ọ̀kan jẹ́.

Bí wọ́n bá tún ṣe ìkọkànlá tí Yorùbá ò ní ọ̀rọ̀ kan sọ níbẹ̀, ẹ má bínú sí òyìnbó o.