Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn náà dá sí ọ̀rọ̀ títì

Ní ọjọ́ ọjà kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó gbé e wá láti abúlé, ó gbé igbá irú rẹ̀ karí, ó fẹ́ sọdá títì kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀ sí i ní ìlú ńlá kan tí n kò ní dárúkọ. Títì náà wu ojú. Ọ̀dà rẹ̀ ń dán, òpó iná tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ọkọ̀ mẹ́rin lè gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí ẹsẹ̀ yóò gbà nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ní apá kan, gọ́tà tí kò ní ìdérí ni. Ní apá kejì, àwọn ọlọ́kọ̀ ti gbé ọkọ̀ wọn sí gbogbo etí títì. Ibi tó ti ń wá ọ̀nà tí yóò gbà ni ọ̀kadà kan ti já dé láti ẹ̀yìn, tó gbá a ṣubú. Irú fọ́n ká sílẹ̀, egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Oṣù mẹ́rin gbáko ló lò nílé àwọn tó ń to egungun.

N kò ní parọ́ fún yín, ọlọ́kadà ni mo kọ́kọ́ ń bú. Ṣùgbọ́n nígbà tí inú mi rọ̀, mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ṣe títì náà, mo ní kí wọ́n fi ibi tí èèyàn yóò máa gbà hàn mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọlúàbí ló dá mi lóhùn. Ó tẹ́ pláànù iṣẹ́ náà sórí tábìlì, ó fi ibi tí ọkọ̀ ń gbà hàn mí, ó fi ibi tí àgbàrá ń gbà hàn mí. Mo ní, “Ọmọ mi, èèyàn ńkọ́?” Ó wo pláànù, ó wò mí, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú, kò sẹ́ni tó bi wá bẹ́ẹ̀ nígbà tí à ń yà á.”

Kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Àgbàrá òjò rí ẹni ṣojú rẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ kò rí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí nìyẹn.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí kò ní ṣaláì rántí ìgbà tí kẹ̀kẹ́ ológeere jẹ́ ohun iyì. Tíṣà tó bá ní Ráléè, àwọn òbí ọmọbìnrin á ti máa wò ó bí àna. Kẹ̀kẹ́ ló ń gbé àpò kòkó dé ilé àwọn tó ń rà á, kẹ̀kẹ́ náà ló ń gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù. Lónìí, ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ wọ àárín ìgboro, bí wọn kò bá pè é ní tálákà, wọ́n á ní orí rẹ̀ kò pé. Ta ni yóò bá wọn jiyàn? Kò síbi kankan tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un láàrin dánfó àti tírélà.

Ẹlẹ́sẹ̀ kò kúkú dín kù. Ọmọ iléèwé, alágbàtà, ẹni tó ń lọ wọ dánfó, àtẹni tó ti bọ́ sílẹ̀ nínú jíìpù rẹ̀ tó ń lọ sí báńkì, ẹlẹ́sẹ̀ ni gbogbo wọn. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Máruwá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, wọ́n tún fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, tó fi mọ́ Ìkẹjà, Súrùlérè àti Àpápá. Èmi kò bá wọn jà lórí ìyẹn, a mọ ohun tí ojú wa ti rí lọ́wọ́ ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ní kó sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, kí ni wọ́n ní kó gùn? Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ni. Ó yẹ kí wọ́n ti ro ti ẹsẹ̀ mọ́ ọn.

Àjọ ìlera àgbáyé sọ nínú ìròyìn tó gbé jáde ní ọdún 2023 pé nǹkan bíi 1,190,000 èèyàn ló kú sínú ìjàǹbá ojú títì kárí ayé ní ọdún 2021. Nínú 100 tó kú, 23 ló jẹ́ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Àwọn wọ̀nyí kò wa ọkọ̀ nínú ọtí, wọn kò sáré àsápajúdé. Wọ́n kàn ń lọ síbi tí wọ́n ń lọ ni.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ìgbìmọ̀ ará ìlú tí yóò máa gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn àti àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe pe “ìgbìmọ̀” yìí, àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Wọn kò jẹ̀bi. Ìgbìmọ̀ tí a mọ̀ nílẹ̀ yìí ni èyí tó ń gba owó ìjókòó, tó ń jẹ ìrẹsì àti ẹran adìẹ, tó sì ń kọ ìwé tí eku yóò jẹ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Èmi náà ti rí i rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe gbé tiwọn kalẹ̀.

Ìpínlẹ̀ kan wà ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Oregon. Ní ọdún 1971, ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin wọn, Don Stathos, gbé àbá òfin kan wá sílé, gómìnà wọn nígbà náà, Tom McCall, sì buwọ́ lù ú. Òfin náà ní ibikíbi tí wọ́n bá ti ń la títì tuntun, tàbí tí wọ́n ń tún ti àtijọ́ là, dandan ni kí wọ́n ṣe ọ̀nà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́, àyàfi ní àwọn ibi díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀. Nínú gbogbo 100 owó dọ́là tó bá wọlé fún iṣẹ́ títì, ó kéré tán, dọ́là kan gbọ́dọ̀ bá iṣẹ́ yìí lọ.

Òfin ìpínlẹ̀ náà tún gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, èèyàn mẹ́jọ tí gómìnà yóò yàn. Ibi tó wù mí jù nìyí. Wọn kò ní kí gómìnà ṣa ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́jọ jọ. Òfin fúnra rẹ̀ ló ka irú ẹni tí wọn yóò jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń ta kẹ̀kẹ́ tàbí tó ń tún un ṣe. Ó kéré tán, ẹnìkan gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21 nígbà tí wọ́n yàn án. Ẹ wò ó o, atúnkẹ̀kẹ́ṣe àti ọmọ tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún, wọ́n jókòó níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ títì! Nílé wa níbí, ta ló máa pe atúnkẹ̀kẹ́ṣe sí ìpàdé, bí kì í bá ṣe pé táyà ẹnìkan jò?

Ìlú Portland tó wà ní ìpínlẹ̀ kan náà ti gbé ìgbìmọ̀ oníkẹ̀kẹ́ tirẹ̀ kalẹ̀ kí ọdún 1980 tó dé. Iṣẹ́ irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlú gbé pláànù wá síwájú wọn nígbà tó ṣì wà lórí ìwé, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì sọ èrò wọn. Wọn kò láṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró. Ẹ má sì rò pé gbogbo rẹ̀ ń lọ geerege. Láàrin ọdún 1990 sí 1999, nígbà tí Portland ń tún àwọn títì ṣe ní àyíká gbọ̀ngàn eré ìdárayá ńlá kan, wọ́n yọ ọ̀nà oníkẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ gbé ìlú lọ sílé ẹjọ́, wọ́n fi òfin ọdún 1971 han adájọ́, wọ́n sì jàre. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa sọ pé kí á má gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láìfi òfin tì í lẹ́yìn. Bí ìjọba bá kọ etí dídi sí ìmọ̀ràn, ó yẹ kí ọ̀nà ilé ẹjọ́ ṣí sílẹ̀.

Àwa náà kò ṣaláìní ìwé. Ní ọdún 2018, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìlànà kan jáde lórí ìrìn ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ gígùn. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe yan àwọn aláàbọ̀ ara jẹ. Òfin náà dárúkọ etí títì àti ibi ìsọdá, ó ní kí wọ́n rí bẹ́ẹ̀ tí aláàbọ̀ ara yóò fi lè lò wọ́n. Ọdún márùn-ún ló fi sílẹ̀ kí wọ́n tún àwọn ilé àti ohun tí gbogbo ìlú jọ ń lò ṣe. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024. Ẹ jáde síta kí ẹ wo títì iwájú ilé yín, kí ẹ wò ó bóyá ẹni tó wà lórí àga onítáyà lè gba ibẹ̀ dé ilé kejì.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Èkó. Ẹni tó bá sáré gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ sọdá, wọ́n lè mú un, kí wọ́n gbé e lọ síwájú adájọ́. Àwọn tó ń mú wọn ń ṣe iṣẹ́ wọn, ẹ̀mí wọn ni wọ́n kúkú ń dáàbò bò. Àmọ́ ẹ bi ìyá arúgbó tó ru ẹrù gàrí ìdí tí kò fi gun afárá. Yóò ní àtẹ̀gùn rẹ̀ ga, yóò ní bó bá ti di ìrọ̀lẹ́ àwọn ọmọ ìta ti wà lókè, yóò ní ibi tí dánfó já òun sí jìnnà sí i. Ká ní obìnrin ọlọ́jà kan wà níbi tí wọ́n ti yan ibi tí afárá yóò wà ni, ì bá ti sọ fún wọn kí wọ́n tó ri irin mọ́lẹ̀. (Ti dánfó tó ń já èrò síbi tó wù ú, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Bí èmi bá ní í ṣe é, èèyàn mẹ́sàn-án péré ni n óò fi síbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Owó ọkọ̀ nìkan ni n óò fún wọn, kò ní sí owó ìjókòó, nítorí ibi tí owó ìjókòó bá wà ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ń sáré lọ. Ìyálọ́jà yóò rán ẹnìkan wá, àwọn aláàbọ̀ ara yóò rán ẹnìkan wá, iléèwé girama yóò mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń fẹsẹ̀ rìn wá sí kíláàsì lójoojúmọ́. Kí atúnkẹ̀kẹ́ṣe wà níbẹ̀, kí ọlọ́kadà pàápàá wà níbẹ̀. Kí wọ́n máa jókòó ní gbọ̀ngàn ìlú ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wá gbọ́. Kọngílá kò gbọ̀dọ̀ gba kọ́bọ̀ kan títí wọn yóò fi rí pláànù. Bí ẹnjiníà kò bá gba ìmọ̀ràn wọn, kí ó kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé, kí ó fọwọ́ sí i, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri káńsù.

Mo ti gbọ́ èsì tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan yóò fọ̀. Wọ́n á ní ará ọjà kò mọ pláànù kà. Òótọ́ ni, èmi náà kò mọ̀ ọ́n kà dáadáa. Kí wọ́n kó wa lọ sójú ibẹ̀ nígbà náà, kí ẹnjiníà bá wa fẹsẹ̀ rìn ín láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ní agogo méje àárọ̀ tí àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá. Kò ní pé wákàtí kan tí yóò fi mọ ohun tí ìwé kò sọ fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú kéékèèké, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ Èkó àti Ìbàdàn nìkan ni mo ń sọ. Títì ọba tó la ìlú yín kọjá, tí tírélà ń sáré gbà lóru àti lọ́sàn-án, ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí àwọn ọmọ yín ń gbà sọdá lọ síléèwé. Bí ẹ bá lọ bá káńsù, wọ́n á ní títì ìjọba àpapọ̀ ni, Àbújá ló ni ín. Bí ẹnìkan bá nìkan kọ̀wé sí Àbújá, ta ni yóò dá a lóhùn? Ìgbìmọ̀ tí òfin mọ̀, tó ní òǹtẹ̀ tirẹ̀, ó ṣòro kí wọ́n sọ ìwé tirẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń rìn báyìí, pẹ̀lú ọ̀pá. Mo ti kọ lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, mo sì ka gbogbo ohun tí mo kọ síbí yìí síbẹ̀. Kò tíì fèsì. Mo fi kún un nísàlẹ̀ pé bí wọ́n bá ń wá obìnrin ọlọ́jà tí yóò jókòó nínú ìgbìmọ̀, mo mọ ẹnìkan tó ń ta irú, bí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wọn kò bá ti ga jù.